Ìdí Tí Oògùn Fi Ń Wọ́n, àti Ohun Tí Òfin Lè Ṣe Sí I

Ọ̀rọ̀ fún kíkà ní àwọn yàrá ìkàwé ìlú Èjìgbò àti àwọn ìletò agbègbè rẹ̀



Àwọn baba ńlá wa a máa sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlera fúnra rẹ̀ bá mẹ́hẹ, oògùn ni ènìyàn yóò wá lọ, ọrọ̀ ni yóò sì fi wá a. Bí àgbàlagbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá dé ilé ìtajà oògùn ní Èjìgbò, tí a dárúkọ iye oògùn oṣù kan fún un, tí ó sì rí i pé owó ọwọ́ òun kò tó, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣe. Yóò ra ìdajì, tàbí kí ó máa fi oògùn ọjọ́ kan lo ọjọ́ méjì, tàbí kí ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èyíkéyìí tí ó bá ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní dúró dè é. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti bọ́ sínú àrùn rọpárọsẹ̀, tí owó tí wọn kò rí fi ra oògùn sì di kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹbí wọn ná lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí òjò ti ń ti ojú ọ̀run rọ̀ ni iye owó oògùn ń wá, àti pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń dá iye lé oògùn, òfin ni ó sì ń fún ọwọ́ náà ní agbára. Ohun tí òfin bá dè, òfin lè tú u. Nítorí náà ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń mú kí oògùn wọ́n, kí ó mọ apá tí ó jẹ́ ti ìjọba láti tún ṣe, kí ó sì mọ apá tí ó wà ní ìkáwọ́ òun tìkára rẹ̀.

ÌWÉ ÀṢẸ ÀDÁṢE

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe àwárí oògùn tuntun, ìjọba a máa fún un ní ìwé kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní pátẹ́ǹtì. A lè pè é ní ìwé àṣẹ àdáṣe, nítorí ohun tí ìwé náà wí ni pé ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó lè ṣe oògùn náà, tàbí kí ó tà á, tàbí kí ó kó o wọ inú ìlú. Ẹlòmíràn tí ó bá dáwọ́ lé e láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ti rú òfin, ilé ẹjọ́ sì lè dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kì í ṣe ti ayérayé. Ọdún 20 ni, láti ọjọ́ tí a ti béèrè fún un. Ẹni tí ó gbà á sì gbọ́dọ̀ kọ bí a ti ń ṣe oògùn náà sílẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo ayé lè máa ṣe é nígbà tí àkókò bá pé.

Ọ̀rọ̀ náà dàbí ti ẹbí tí ó ní igbó kìjikìji. Ọmọ ẹbí kan gbé àdá, ó la ọ̀nà, ó ṣán igbó, ó sì fi òógùn ojú rẹ̀ sọ ọ́ di oko. Ẹbí wá wí fún un pé nítorí làálàá rẹ̀, òun nìkan ni yóò máa kórè níbẹ̀ fún iye ọdún báyìí, lẹ́yìn èyí tí oko yóò di ti gbogbo ẹbí. Àdéhùn yìí dára. Bí kò bá sí i, bóyá kò sí ẹni tí ìbá gbé àdá. Ṣùgbọ́n bí ìyàn bá mú láàárín àwọn ọdún náà, tí ọmọ ẹbí yìí sì ń ta iṣu rẹ̀ ní iye tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò lè rà, ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹbí káwọ́ lẹ́rán máa wò ó? Ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bi ara rẹ̀ nípa oògùn nìyẹn.

Èjìgbò jẹ́ ìlú Òrìṣà Ògìyán, a kì í fi ọ̀rọ̀ iṣu ṣeré níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ń ná ọjà sì mọ̀ pé bí ẹnìkan ṣoṣo bá ni gbogbo iṣu tí ó wọ ọjà, ohun tí ó bá wù ú ni yóò pè é. Bí àwọn olùtà bá di ogún, tí iṣu wọn sì dára bákan náà, iye yóò wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oògùn. Lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá parí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oògùn kan náà, iye owó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo olùṣàwárí ni ó fẹ́ fi àwárí rẹ̀ di olówó. Ní ọdún 1923, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n wà lára àwọn tí ó ṣàwárí insulin, oògùn tí ń dá ẹ̀mí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ sí, ìyẹn Banting, Best àti Collip, ta ẹ̀tọ́ wọn fún Yunifásítì Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Dọ́là kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n irú wọn ṣọ̀wọ́n, ìlú kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé inú rere ẹnìkan. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe òfin.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti 1925, ní ayé ìjọba amúnisìn, ìlú London ni a ti kọ́kọ́ ń gba ìwé àṣẹ yìí, kí a tó wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀. Òfin náà fún ẹni tí ó ṣàwárí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn méjì sílẹ̀ fún ará ìlú. Èkíní, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí a fún ẹlòmíràn láyè láti ṣe ohun náà, pàápàá bí ẹni tí ó ni àṣẹ bá kọ̀ láti ṣe é tó ní ilẹ̀ wa. Mínísítà sì lè kéde pé ohun kan ṣe pàtàkì fún ìlera ìlú, kí a lè tètè gba àyè yìí. Èkejì, mínísítà lè yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti lo àwárí náà fún iṣẹ́ ìjọba. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí wà nínú ìwé òfin títí di òní.

ÀRÙN TÍ Ó LA OJÚ AYÉ

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fela Anikulapo Kuti, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, jáde láyé. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ìlera láti 1985 títí di 1992, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Nígbà náà, àwọn oògùn tí ó lè mú kí ẹni tí ó ní kòkòrò HIV pẹ́ láyé ti wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní dọ́là 10,000 fún ènìyàn kan ní ọdún kan. Mélòó ni ó lè san irú owó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà?

Ilẹ̀ Íńdíà ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ní ọdún 1970 kan náà tí Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀, Íńdíà ṣe òfin pé a kì yóò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ lórí oògùn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é nìkan ni a lè gba ìwé lé lórí. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá rí ọ̀nà mìíràn láti ṣe oògùn kan náà, kò rú òfin. Nítorí èyí, ilé iṣẹ́ oògùn gbèrú ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ọ̀kan nínú wọn, Cipla, tí Dókítà Yusuf Hamied jẹ́ olórí rẹ̀, kéde pé òun yóò ta oògùn HIV fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú ní dọ́là 350 fún ènìyàn kan ní ọdún kan. Iye yìí kò tó dọ́là kan lójúmọ́.

Ní àkókò kan náà, ilé iṣẹ́ oògùn 39 ti gbé ìjọba Gúúsù Áfíríkà lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí òfin tí ìjọba náà ṣe ní 1997 láti mú kí oògùn rọrùn láti rà. Ariwo ta káàkiri ayé. Àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ìjọ Ọlọ́run tú jáde sí ìgboro. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn ilé iṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara wọn fa ẹjọ́ náà yọ.

Ní oṣù náà gan-an ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Àbújá, tí wọ́n sì ṣe ìlérí pé àwọn yóò máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnáwó ìjọba wọn sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìjọba Olóyè Olusegun Obasanjo gbé ètò kalẹ̀ láti ra oògùn HIV láti Íńdíà fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, ní ibùdó ìtọ́jú 25. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ₦1,000 ni aláìsàn ń san lóṣù, ìjọba ń san ìyókù. Ètò náà kò lọ láìsí ìdíwọ́, nítorí oògùn tán ní àwọn ibùdó kan ní 2003. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, àwọn mínísítà tí ń bójú tó òwò ní gbogbo ayé pàdé ní ìlú Doha. Wọ́n fẹnu kò pé òfin òwò àgbáyé tí ó wọlé ní 1995, èyí tí ó mú ọdún 20 di dandan fún ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ dí orílẹ̀-èdè kankan lọ́wọ́ láti dáàbò bo ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 2010, a dá àjọ kan sílẹ̀ tí ń bá àwọn tí ó ni ìwé àṣẹ dúnàádúrà, kí wọ́n lè yọ̀ǹda fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láti ṣe oògùn náà fún àwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Ní ọdún 2023, owó oògùn HIV ti ọdún kan, tí ó lé ní dọ́là 10,000 tẹ́lẹ̀, ti wálẹ̀ kọjá dọ́là 45 fún àwọn àjọ tí ń rà á fún ilẹ̀ wa àti irú rẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn náà di yẹpẹrẹ. Èyí tí à ń lò nísinsin yìí tilẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Òfin àti ìdíje ni ó fa owó náà walẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fiyè sí i pé láti ọdún 2005, Íńdíà pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oògùn tuntun ní ìwé àṣẹ, nítorí òfin òwò àgbáyé. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí gbayawu tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí a ń dúnàádúrà kí a tó gbà kọjá.

ỌNÀ ÈJÌGBÒ SÍ ÀBÍJÀN

Kò sí ẹbí tí ó pọ̀ ní Èjìgbò, ní Màsífà tàbí ní Ìsùndúnrin tí kò ní ẹni tirẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Àwọn arìnrìn-àjò tí ń gba ọ̀nà náà mọ bodè kọ̀ọ̀kan àti owó tí à ń ná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé bí a ti ń kọjá bodè ni òfin oògùn náà ń yí padà.

Ní Nàìjíríà, òfin ti 1970 ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀, arìnrìn-àjò ti wọ ilẹ̀ àjọ kan tí a ń pè ní OAPI, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí Faransé ṣe àkóso nígbà kan. Ìwé àṣẹ kan tí àjọ náà bá fún ènìyàn fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ní Kùtọnu, ní Lọ́mẹ̀ àti ní Àbíjàn. Ṣùgbọ́n Benin àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó jù láyé, nítorí náà òfin òwò àgbáyé kò mú un ní dandan fún wọn láti dáàbò bo ìwé àṣẹ oògùn títí di ọdún 2033. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire kò sí lára àwọn tí a fún ní àyè yìí.

Láàárín Tógò àti Côte d'Ivoire ni Gánà wà. Ní ọdún 2005, ìjọba Gánà lo ilẹ̀kùn kejì tí a dárúkọ lókè yìí. Ó pàṣẹ pé kí a kó oògùn HIV tí kò wọ́n wọlé láti Íńdíà fún iṣẹ́ ìjọba. Kò sí ogun tí ó jà nítorí rẹ̀, ayé kò sì parí. Òfin ni ó wà nílẹ̀. Ìjọba kàn lò ó ni.

Ohun kan ni ó ṣòro. Ìjọba lè fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ láyè láti ṣe oògùn, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ tí ó lè ṣe é kò bá sí ńkọ́? Ní 2003 ni a fi àyè sílẹ̀ kí ilẹ̀ kan lè ṣe oògùn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn lábẹ́ irú àṣẹ yìí. Nígbà tí Rwanda gbìyànjú ọ̀nà náà, oṣù keje ọdún 2007 ni ó kéde èrò rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni oògùn àkọ́kọ́ tó ti Kánádà dé. Aláìsàn kò lè dúró de irú ìwé kíkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ọlọ tirẹ̀ ni yóò máa dúró kí aládùúgbò lọ ata tán.

EWÉ ÀTI EGBÒ TIWA

Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn wí pé bí àwa náà bá ní ìwé àṣẹ tiwa, gbogbo ìṣòro yìí yóò parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí oògùn fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ SS, jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa.

Láti inú ìmọ̀ ìdílé Ogunyale ní ilẹ̀ Yorùbá ni àjọ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ti rí àgbo kan tí ó ń dín ìrora àrùn yìí kù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ọjà eléwé-omo: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dán an wò lára àwọn aláìsàn, ó sọ ọ́ ní Niprisan, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Nàìjíríà ni ó ni ìwé náà.

Ṣùgbọ́n owó àti ẹ̀rọ láti ṣe é lọ́pọ̀ kò sí. Ní 2002, a fi ẹ̀tọ́ ṣíṣe rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Xechem. Ní 2006, oògùn náà jáde sí ọjà ní orúkọ tuntun, Nicosan, ní Àbújá. Inú àwọn òbí dùn. Àmọ́ ní ọdún 2008, Xechem wọ gbèsè, ó sì sá di òfin àwọn ajẹgbèsè ní Amẹ́ríkà. Oògùn tí ìyèré àti osùn inú igbó wa wà nínú rẹ̀ di ohun tí àwọn ọmọ wa kò rí rà mọ́.

Ìwé àṣẹ náà ti lo àkókò rẹ̀ tán báyìí. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ìwé kì í ṣe oògùn. Ẹni tí ó ni ìwé láìní ilé iṣẹ́, láìní owó tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, dàbí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilé.

NÍGBÀ TÍ ÌWÉ ÀṢẸ BÁ TI PARÍ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí à ń lò jù ní agbègbè wa ni ìwé àṣẹ wọn ti parí tipẹ́: ti ẹ̀jẹ̀ ríru bí amlodipine, ti àtọ̀gbẹ bí metformin, amoxicillin, paracetamol, àti èyí tí alárùn ikọ́ fée ń fà sínú, salbutamol. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń wọ́n?

Ìdí kan ni pé èròjà tí a fi ń ṣe wọn, Íńdíà àti Ṣáínà ni a ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ wá, dọ́là ni a sì ń fi rà á. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460. Ní 2024 ó kọjá ₦1,400. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 bákan náà, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, àwọn oògùn tí a mọ̀ mọ́ ọn, irú Ventolin àti Augmentin, sì wọ́n bí ojú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó mú owó bodè kúrò lórí àwọn èròjà àti ẹ̀rọ kan tí a fi ń ṣe oògùn nílé, kí àwọn ilé iṣẹ́ wa lè rí ọwọ́ mú. Ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ ni, nítorí ilé iṣẹ́ nílé ni ọlọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìṣáájú.

Ìdí kejì wà lọ́wọ́ àwa tí à ń rà. Orúkọ ni.

ORÚKỌ ÀBÍSỌ ÀTI ORÚKỌ ÌNAGIJẸ

Gbogbo oògùn ni ó ní orúkọ méjì. Èkíní ni orúkọ àbísọ rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ fún ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èkejì ni orúkọ ìnagijẹ, èyí tí ilé iṣẹ́ kan fún un láti fi tà á. Paracetamol ni orúkọ àbísọ. Panadol jẹ́ ìnagijẹ. Amlodipine ni àbísọ. Norvasc jẹ́ ìnagijẹ. Artemether pẹ̀lú lumefantrine, oògùn ibà, ni àbísọ. Coartem jẹ́ ìnagijẹ.

Nígbà tí ìwé àṣẹ bá parí, ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe oògùn náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè lo ìnagijẹ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Nítorí náà wọn a tà á ní orúkọ àbísọ, tàbí kí wọ́n fún un ní ìnagijẹ tiwọn. Ẹni tí ó bá dúró lórí ìnagijẹ kan ṣoṣo ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìwé àṣẹ tí ó ti kú padà sáyé. Ó ń san owó orúkọ, kì í ṣe owó oògùn.

Orúkọ àbísọ wúlò fún ẹni tí ń lọ sí Àbíjàn pàápàá. Ìnagijẹ tí a mọ̀ níhìn-ín lè má sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ kò yàtọ̀ púpọ̀ ní èdè Faransé: amoxicillin di amoxicilline, paracetamol di paracétamol. Ẹni tí kò mọ èyí lè fara pa. Doliprane tí a rà ní Àbíjàn àti Panadol tí a rà ní Èjìgbò, paracetamol ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá lo méjèèjì pọ̀, tí ó rò pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ti lo ìlọ́po méjì; bí paracetamol bá sì pọ̀ jù lára, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé oògùn tí kò wọ́n ni oògùn ayédèrú. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Oògùn ayédèrú ni èyí tí ó purọ́ nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀, yálà ó wọ́n tàbí kò wọ́n. Àwọn oníjìbìtì tilẹ̀ sábà máa ń ṣe ayédèrú èyí tí orúkọ rẹ̀ tóbi, nítorí níbẹ̀ ni èrè wà. Ogun tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili gbé dìde ní àjọ NAFDAC láti 2001 títí di 2008, ayédèrú ni ó bá jà, kò bá oògùn tí kò wọ́n jà. Ohun tí a ó wò ni nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, àti ibi tí a ti rà á. Oògùn tí a gbé sínú oòrùn lórí atẹ, ìbáà jẹ́ ní ọjà Èjìgbò tàbí ní ọjà Roxy ní Adjamé ní Àbíjàn, kò yẹ ní rírà, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

OHUN TÍ Ó KÙ LÁTI ṢE

Nígbà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá kọ oògùn fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ àbísọ oògùn yìí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ apòògùn, ẹ béèrè pé: "Ǹjẹ́ ẹ ní irú rẹ̀ tí kò wọ́n tó báyìí, tí ó ní nọ́ḿbà NAFDAC?" Kì í ṣe ìwà àìmoore láti béèrè, kì í sì í ṣe ahun. Kí àwọn tí ń lo oògùn wárápá, pàápàá, kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yí ilé iṣẹ́ padà, nítorí ìyàtọ̀ díẹ̀ lè mú kí gìrì padà wá. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá oògùn sí méjì nítorí owó láìkọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí oògùn mìíràn wà tí owó rẹ̀ ká a.

Ní ti ìjọba, ìbéèrè ará ìlú ni ó ń mú kí òfin jí lójú oorun. Òfin ti 1970 wà níbẹ̀. Àyè tí a gbà ní Doha wà níbẹ̀. Ìlérí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a ṣe nínú ìlú wa fúnra wa ní 2001, wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin bá wá sọ́dọ̀ yín, ó tọ́ kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti ń lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń bi wọ́n nípa ọ̀nà àti omi.

Ní ọdún 1997, oògùn HIV jẹ́ ohun tí ọba àti olówó nìkan lè rà. Lónìí, àgbẹ̀ ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn tí ó béèrè ìdí, tí wọ́n sì ń béèrè títí a fi dá wọn lóhùn, ni ó mú un ṣẹlẹ̀.